Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Warri

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Èdè Òyìnbó tí ìjọba fi ń kọ òfin, tí ilé-ẹjọ́ fi ń dájọ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo sì fi ń pàṣẹ, ìlù àgídìgbo ni òun náà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ dunjú lè ní ìtumọ̀ kan ní ọjà, kí ó ní òmíràn lójú omi, kí ó sì ní ẹ̀kẹta nínú ìwé tí a gbé síwájú ènìyàn pé kí ó fọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá fi ìtumọ̀ ọjà ka ìwé ilé-ẹjọ́ lè pàdánù ilé àti ilẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ṣe.

Ìlú Warri ní Ìpínlẹ̀ Delta jẹ́ ibi tí a ti lè rí òtítọ́ yìí kedere. Àwọn Ìṣẹ̀kírì, tí èdè wọn bá Yorùbá tan, àwọn Urhobo àti àwọn Ijaw ni onílé níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá òwò, iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ epo dé ìlú náà. Àwọn Òyìnbó Potogí ti ń ná agbègbè yìí láti nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, orúkọ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kò tíì parẹ́. 'Escravos' tí gbogbo ayé mọ̀ sí odò epo lónìí, 'àwọn ẹrú' ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Potogí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe orúkọ náà lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ìrántí òwò ẹrú ni wọ́n ń pè. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn: ó a máa gbé ìtàn rẹ̀ kiri, kódà nígbà tí ẹni tí ń sọ ọ́ bá ti gbàgbé.

ÀWÌN TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ 'TRUST'

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, epo pupa ni òwò pàtàkì ní odò Benin àti àwọn odò tí ó yí i ká. Àwọn Òyìnbó kì í wọ inú ilẹ̀ lọ nígbà náà. Àwọn Ìṣẹ̀kírì ni alárinà láàárín wọn àti àwọn Urhobo tí ń ṣe epo. Òyìnbó yóò kó aṣọ, iyọ̀, ìbọn àti ọtí fún oníṣòwò etí omi láìgba kọ́bọ̀, yóò sì dúró de epo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní 'trust'.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú ilé-ìwé, ìgbẹ́kẹ̀lé ni 'trust'. Lẹ́nu àwọn oníṣòwò odò, àwìn ni, gbèsè sì ni. Ẹni tí ó bá gba 'trust' ti gba ẹrù tí yóò fi epo san, bí epo náà bá sì pẹ́ jù, ìjà ni ó ń tẹ̀lé e. Ìtumọ̀ kẹta tún wà tí àwọn amòfin ń lò: kí ohun ìní kan wà ní ìkáwọ́ ẹnìkan, ṣùgbọ́n kí ó máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní ẹlòmíràn. Òǹkàwé yóò pàdé ìtumọ̀ kẹta yìí níwájú, nítorí orí rẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà dúró lé.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ 'factory'. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá kà nínú ìwé ìtàn pé àwọn Òyìnbó ní 'factory' ní etí odò Benin yóò máa wo ẹ̀rọ àti èéfín lọ́kàn. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. 'Factor' ni wọ́n ń pe aṣojú oníṣòwò nígbà náà. 'Factory' sì ni ibùdó tí aṣojú yìí ń gbé, tí ó ń kó ọjà rẹ̀ pamọ́ sí, tí ó sì ti ń gba epo. Ìgbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà tó wá di ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe èyí. Ọkọ̀ tí Yorùbá mọ̀ ní àtijọ́, ojú omi ni ó ń gbà. Nígbà tí mọ́tò dé, ó di ọkọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí bàálù dé, ó di ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo èdè ní í fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ bo ohun tuntun láṣọ. Ibi tí ewu wà ni pé kí ẹnìkan mọ aṣọ, kí ó má mọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

'BAR' MÁRÙN-ÚN NÍ ÌLÚ KAN

Ọ̀rọ̀ kékeré oní-lẹ́tà mẹ́ta ni 'bar', ṣùgbọ́n ènìyàn lè pàdé márùn-ún nínú rẹ̀ ní Warri kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Èkíní ni ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Èkejì ni ọ̀pá ọṣẹ tàbí ọ̀pá irin. Irú ọ̀pá irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ná bí owó ní ọ̀pọ̀ ibi ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́. Ẹ̀kẹta ni òkìtì iyanrìn tí ó fara pamọ́ sábẹ́ omi ní ẹnu odò. Àwọn atukọ̀ tí ń bọ̀ wá sí Warri láti òkun mọ 'bar' yìí dáadáa, nítorí òun ni ó ń pinnu bí ọkọ̀ tí yóò wọlé ti lè tóbi tó. Ẹ̀kẹrin ni ti ilé-ẹjọ́: igi ìdábùú tí ó pààlà sí ibi tí adájọ́ jókòó ni wọ́n fi sọ gbogbo ẹgbẹ́ àwọn amòfin lórúkọ. Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí wọ́n kọ sára aago tí ń wọn agbára afẹ́fẹ́ tàbí omi nínú páìpù. Eléyìí kò bá àwọn mẹ́rin ìṣáájú tan rárá. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìwúwo ni ó ti wá.

Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀ kan tí ó so wọ́n pọ̀: ọ̀pá tàbí ohun tí ó dábùú ọ̀nà. Láti inú rẹ̀ ni àwọn amòfin ti mú ọ̀rọ̀ kan tí ó ti da omi sí iná ọ̀pọ̀ olùpẹjọ́: 'statute-barred'. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ ti kọjá lórí ẹjọ́ náà, òfin sì ti fi igi dábùú ọ̀nà rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, òfin Nàìjíríà tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún ẹni tí ó fẹ́ pè é lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ tí ó ṣe lábẹ́ òfin ní oṣù mẹ́ta péré. Ẹni tí ó bá ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan, tí ó ń retí èsì, lè ní ẹ̀rí tí ó dá a láre kí ilé-ẹjọ́ má sì gbọ́ ọ.

'PROTECTION': ÀÀBÒ TÀBÍ ÀKÓSO?

Kò sí ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan tí ó ná agbègbè Warri ní ohun tí 'protection' ná an. Ní ọdún 1884, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Hewett, ń lọ láti odò kan sí òmíràn ní etíkun, ó ń mú kí àwọn ọba àti ìjòyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nínú ìwé náà, Ọbabìnrin Victoria ṣèlérí 'protection' fún wọn. Etí ọmọ Áfíríkà gbọ́ ààbò: pé ọ̀rẹ́ alágbára kan yóò dúró tì wọ́n kí ẹlòmíràn má bàa fìyà jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ìjọba ilẹ̀ Òyìnbó tí wọ́n ń pín Áfíríkà láàárín ara wọn, 'protectorate' ni ilẹ̀ tí alágbára kan ti fi àmì sí pé tòun ni.

Ọba Jaja ti Opobo fura sí ọ̀rọ̀ náà. Kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, ó béèrè lọ́wọ́ Hewett pé kí ni ìtumọ̀ 'protection' gan-an. Hewett fèsì nínú lẹ́tà pé Ọbabìnrin kò fẹ́ gba ilẹ̀ tàbí ọjà rẹ̀. Pé kí orílẹ̀-èdè mìíràn má bàa gbà á ni. Pé ìjọba ìlú yóò sì wà lọ́wọ́ Jaja síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 1887, ajẹ́lẹ̀ mìíràn, Harry Johnston, mú Jaja lórí ọ̀ràn òwò. Wọ́n lé e kúrò nílùú, wọ́n sì gbé e dé erékùṣù St. Vincent. Ọ̀nà ilé ni ó wà nígbà tí ó kú ní 1891.

Ní odò Benin, Nana Olomu ni alágbára àwọn oníṣòwò Ìṣẹ̀kírì. Òun náà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù keje ọdún 1884, ṣùgbọ́n kò fara mọ́ apá tí ó sọ pé kí ọ̀nà òwò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nana tún ń jẹ́ 'Governor'. Lónìí, gbogbo ènìyàn mọ gómìnà sí olórí ìpínlẹ̀. Ní odò Benin nígbà náà, oyè tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí fún aṣáájú àwọn oníṣòwò ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ Òyìnbó kí ó sì parí ìjà òwò. Ojú tí àwọn Ìṣẹ̀kírì fi wo oyè náà àti ojú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wò ó kò dọ́gba. Lójú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó fi oyè jẹni lè gbà á padà.

Wọ́n sì gbà á. Ní 1894, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ebrohimi, ìlú Nana. Ìlú náà wó ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Nana sá gba ojú omi lọ sí Èkó, níbi tí ó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìjọba. Wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n sì rán an lọ sí ìlú Accra. 1906 ni ó tó padà wálé, ó sì tẹ̀dó sí Koko, níbi tí ó kú sí ní 1916. Ilé rẹ̀ tí ó wà ní Koko ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni ó ṣẹ́gun Nana. Ìbọn àti owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ìbọn.

OHUN TÍ WỌ́N JÀ FÚN NÍ ÈKÓ

Èkó tí Nana sá lọ ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ó ń dà á láàmú. Ní 1861, Ọba Dosunmu fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. 'Cession' ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Ṣé àkóso ìlú nìkan ni ó lọ ni, tàbí ilẹ̀ àwọn ìdílé bá a lọ? Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Apapa, tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, sì béèrè owó ilẹ̀ ìdílé rẹ̀, orí ìbéèrè yìí ni ẹjọ́ dá lé. Olóyè Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ.

Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre. Wọ́n ní pé kò yẹ kí a fi ìtumọ̀ tí 'ownership' ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ilẹ̀ Yorùbá. Pé ìdílé àti àwùjọ ni ó ni ilẹ̀ níhìn-ín, àti pé fífi ìlú lé ìjọba lọ́wọ́ kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ rẹ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ọ̀rọ̀ tí ó ti Nana ṣubú àti ọ̀rọ̀ tí ó gbé Olúwa lékè, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé ti Olúwa síwájú adájọ́, wọ́n sì tú u palẹ̀.

ẸJA, ẸLẸ́DẸ̀ ÀTI IGI KÉRÉSÌMESÌ

Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì tí ó tó tà ní Oloibiri. Nígbà tí ó di 1978, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Warri. Epo yìí kó èdè mìíràn dé. Ìlú apẹja ni etí omi Warri, ṣùgbọ́n lójú àwọn agbẹ́kànga epo, 'fish' ni irin tàbí irinṣẹ́ tí ó já bọ́ sínú kànga, 'fishing' sì ni iṣẹ́ àtiyọ ọ́. 'Mud' kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Àpòpọ̀ tí wọ́n ń dà sínú kànga kí irin ìgbẹ́lẹ̀ lè tutù, kí èérún òkúta lè jáde, kí epo má sì ru gùdù sókè ni. Ẹni tí ó bá 'kill' kànga kò ṣìkà. Ó fi irú ẹrẹ̀ wíwúwo bẹ́ẹ̀ dá epo dúró ni. 'Pig' ni ohun tí wọ́n ń tì gba inú páìpù kọjá láti fọ̀ ọ́ mọ́. 'Christmas tree' sì ni àgbájọ àwọn ẹ̀rọ ìdè tí ó dúró sórí kànga bí igi tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n fi ń ṣí epo tí wọ́n sì fi ń tì í.

'Barrel' tí rédíò máa ń dárúkọ kì í ṣe àgbá tí ó wà lọ́jà. Ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni: gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 42, èyí tí ó tó nǹkan bíi lítà 159. Àgbá irin ọjà ju lítà 200 lọ.

Ẹ̀rín ni díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Epo 'sweet' ni epo tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré, irú èyí tí Nàìjíríà fi lókìkí. Òdì kejì rẹ̀ ni 'sour'. Afẹ́fẹ́ gáàsì tí wọ́n bá kọ 'sour' sí lára kò kan bí ọsàn, májèlé ni. Bí ó bá pọ̀, ó a máa pa imú ènìyàn kú kí ó tó pa á, tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'hot work' tí wọ́n ń kọ sí ìwé àṣẹ àwọn onírin àti àwọn jóòrin. Kì í ṣe iṣẹ́ inú oòrùn. Gbogbo iṣẹ́ tí ó lè ta iná tàbí kí ó ta pàrà ni, títí kan fífi ẹ̀rọ lọ irin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti kọ́ iṣẹ́ jíjó irin ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì wá ṣe é ní Warri, lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìkù síbì kan. Bí kò bá mọ ọ̀rọ̀ méjì yìí, ẹ̀mí rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu.

Àwọn ará Warri náà kò jókòó kí Òyìnbó nìkan máa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Pidgin tí wọ́n fi lókìkí ní gbogbo Nàìjíríà ti yí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà bí ó ti wù wọ́n. 'How far?' kò béèrè máìlì. Àlàáfíà ni ó ń béèrè. Ẹni tí ó ní 'I dey come' ń lọ ni, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti máa ń sọ pé 'Mò ń bọ̀' nígbà tí ó bá ń jáde. Bí àlejò bá ṣi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì ṣàlàyé fún un. Ìwé kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣàlàyé.

ÌWÉ TÍ Ó WÀ LÓRÍ TÁBÌLÌ

Òfin tí ó kan gbogbo ẹni tí ó kọ́lé tàbí tí ó dáko ní Nàìjíríà ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà ní 'trust' fún ànfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Níhìn-ín ni ìtumọ̀ kẹta ti wúlò: gómìnà kì í ṣe onílẹ̀ tí ó lè ta á jẹ, alábòójútó ni.

Òfin kan náà sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀, yóò san owó lórí 'improvement'. Lẹ́nu ọjà, ìtẹ̀síwájú tàbí àtúnṣe ni èyí. Nínú òfin náà, ohun tí ènìyàn fi owó tàbí agbára rẹ̀ so mọ́ ilẹ̀ ni: ilé, kànga, ọgbà, oko igi tí ń pẹ́ lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ òfìfo tí a rà ní owó gọbọi tí a kò sì fọwọ́ kàn kò ní 'improvement' lórí. Owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba ní ọdún náà ni òfin ní kí wọ́n dá padà lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. 'Public interest' pẹ̀lú ní ìtumọ̀ tí a là sílẹ̀: wíwa ohun àlùmọ́ọ́nì àti rírí páìpù epo mọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 'holder' tún wà. Ènìyàn lè rò pé ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó yọ ẹni tí wọ́n ta ilẹ̀ fún láìsí ìwé ìgbékalẹ̀ tí ó tọ́ kúrò. 'Consent' sì ju kí onílẹ̀ mi orí lọ. Àṣẹ gómìnà ni. Ní 1989, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo pé ìwé tí wọ́n fi ohun ìní dúró fún owó báǹkì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nítorí pé gómìnà kò fọwọ́ sí i. Báǹkì tí ó ní amòfin tirẹ̀ kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Kí ni kí àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò aṣọ tí kò ní amòfin ṣe?

Àwọn kékeré mìíràn wà tí ó yẹ kí a mọ̀. 'Consideration' kì í ṣe àánú. Owó tàbí ohun tí a fi pààrọ̀ ni. 'Execute' ìwé ni pé kí a fọwọ́ sí i kí ó sì di òfin. Lẹ́tà tí wọ́n kọ 'without prejudice' sí lórí nígbà tí wọ́n ń wá ìparí ìjà kò ní ṣeé gbé síwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀, bí ó ti wù kí ìlérí inú rẹ̀ dùn tó.

Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìtàn Jaja fi hàn pé bíbéèrè nìkan kò tó. Ẹni tí ó kọ ìwé ni Jaja bi ní ìtumọ̀ ìwé. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Warri, tàbí ní ìlú òkèèrè yòówù, bi ẹlòmíràn tí kò ní èrè kankan nínú ọ̀ràn náà: amòfin, olùkọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Kí ó sì béèrè bí ìwé fúnra rẹ̀ ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òfin àti àdéhùn ni ó ní ojú ewé kan tí wọ́n kó ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn sí. Ojú ewé yẹn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohùn tí a bá sì fi tàdáwà kọ, tí a fọwọ́ sí lábẹ́ rẹ̀, ó le ju ẹyin lọ láti kó jọ.